Ìpín Ènìyàn Búburú nínú Orin Dáfídì: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ kan tí ó Kan Kùmásì àti Wa

Ní Kùmásì, ìlú Osei Tutu, ibùjókòó Àga Wúrà, ẹni tí a bá rẹ́ jẹ kì í wá ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ tì. Ilé ẹjọ́ ìjọba ń bẹ níbẹ̀, ààfin Asantehene ń bẹ níbẹ̀, odò Antoa Nyamaa sì ń bẹ ní Antoa tí kò jìnnà sí ìlú, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ẹyin àti ọtí líle lọ láti fi orúkọ ẹni tí ó ṣe wọ́n ní ibi lé òrìṣà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kristẹni ìlú náà, ìbáà ṣe ọmọ Asante, ìbáà ṣe àwa Yorùbá tí àwọn baba wa ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin wá ṣòwò níbẹ̀, kì í tọ odò lọ. Ìwé Orin Dáfídì ni wọ́n ń ṣí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ẹni tí a ni lára ti ń bá ọ̀rọ̀ pàdé tí ó gbóná tó ohun tí ń bẹ nínú ọkàn rẹ̀.

Bí a bá sì ti ṣí ìwé náà tán, ìbéèrè kan dìde tí kò rọrùn bí ó ti jọ lójú. Kí ni àwọn akéwì Hébérù gbà pé yóò jẹ́ ìpín ènìyàn búburú? Ṣé nínú ayé yìí ni yóò ti gba èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tàbí lẹ́yìn ikú? Ṣé Ọlọ́run ni yóò nà án, tàbí ìwà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò yí padà pa á? Ṣé yóò parun pátápátá ni, tàbí ọ̀nà àbọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ fún un? Nínú àádọ́jọ orin tí ó wà nínú ìwé náà, tí a kọ láàrin ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tí a kò lè rí ẹsẹ tọ́ka sí fún ìdáhùn tí ó ju ẹyọ kan lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni a ó ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wí tẹnu rẹ̀, kí a tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí.

Ta ni ènìyàn búburú náà?

Kí a tó mọ ìpín ẹnìkan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni náà. Àwọn akéwì wọ̀nyí kì í sábà dárúkọ ọ̀tá wọn. Wọn a pè é ní kìnnìún, wọn a pè é ní ajá, wọn a pè é ní ẹni tí ń dẹ àwọ̀n sílẹ̀ de ẹsẹ̀ aláìṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ilé rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ìdílé rẹ̀. Àìdárúkọ yìí ni ó bí àríyànjiyàn.

Ní ọdún 1921, Sigmund Mowinckel, ọ̀mọ̀wé ará Nọ́wè, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti wí pé àwọn tí Orin Dáfídì ń pè ní oníṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ lásán, bí kò ṣe oṣó àti àwọn tí ń fi agbára ọ̀rọ̀ pa ènìyàn lára, àti pé púpọ̀ nínú àwọn orin ẹkún jẹ́ àdúrà tí aláìsàn ń gbà ní tẹ́ḿpìlì láti bọ́ lọ́wọ́ ibi tí wọ́n rán sí i. Ohun tí ó jọ àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù lójú bí ọ̀rọ̀ àjèjì yìí kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílẹ̀ wa, nítorí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Àwọn ìjọ Aládùúrà ti ń ka Sáàmù lọ́nà bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ orúkọ Mowinckel rí. Agbára ẹ̀kọ́ yìí ni pé ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ahọ́n, ètè àti ẹnu fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sùn tí akéwì ń fi kan ọ̀tá rẹ̀. Ibi tí ó kù sí ni pé kò sí orin kan tí ó là á mọ́lẹ̀ pé oṣó ni ẹni náà, bẹ́ẹ̀ òfin Mósè kò bẹ̀rù àtidárúkọ oṣó níbi tí ó bá fẹ́.

Harris Birkeland, tí òun náà jẹ́ ará Nọ́wè, dáhùn ní 1933 pé ọ̀tá òde ni, pé orílẹ̀-èdè tí ń gbógun ti Ísírẹ́lì ni àwọn akéwì ní lọ́kàn, àti pé ọba tàbí olórí ogun ni ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ènìyàn. Sáàmù 9 àti 83 ṣe ẹlẹ́rìí fún un, nítorí pé wọ́n mẹ́nu kan àwọn orílẹ̀-èdè ní gbangba. Mowinckel pàápàá gbà fún un dé ìwọ̀n kan nígbà tí ó yá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti ṣe Sáàmù 55, níbi tí ọ̀tá náà ti jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé Ọlọ́run? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani; akéwì náà mọ ikú ilé. Ẹlòmíràn, Hans Schmidt ará Jámánì, ti wí ní 1928 pé ilé ẹjọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyí ti wá, pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn èké kàn ni ó sá wá sí tẹ́ḿpìlì kí Ọlọ́run dá a láre, àti pé ẹlẹ́rìí èké ni ènìyàn búburú náà. Sáàmù 7 àti 35 bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu dáadáa, àwọn mìíràn kò bá a mu rárá. Àwọn kan sì tún wà tí wọ́n ń wo Sáàmù 10 àti 49, tí wọ́n ní olówó aninilára ni, ẹni tí ó rò pé Ọlọ́run kò rí òun.

Lójú tèmi, kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó lè gba gbogbo ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀ nìkan. Àwọn tí wọ́n pa ìwé yìí mọ́ fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ lófìfo kí olúkúlùkù lè kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, oore àti ewu ìwé náà sì wà níbi kan náà. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, tí ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí Yorùbá ti pọ̀ ṣófo, ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ sórí ọkọ̀ ní Kùmásì kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ ẹni tí aninilára jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sílẹ̀, tí ó gbà tọkàntọkàn pé àjèjì ni ó gba ìsọ̀ ọjà mọ́ òun lọ́wọ́, lè ka Sáàmù kan náà sórí Yorùbá tí ń lọ. Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ láàrin àwọn méjèèjì kò sí nínú orin náà. Adákẹ́dájọ́ tí a ń kọ ọ́ sí ni yóò dá a.

Àwọn tí ó ní ìkà fúnra rẹ̀ ní í pa oníkà

Ní 1955 ni Klaus Koch, ará Jámánì, gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ tí ó mi àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìsìn jìgìjìgì. Ó ní a ṣìnà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run àwọn Hébérù jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé òfin, tí ó ń ka iye pàṣán tí ó tọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwà fúnra rẹ̀ ni irúgbìn, àtubọ̀tán rẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni láti rí i pé ó hù. Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ kòtò nínú Sáàmù 7 àti 57 ni ó já sínú rẹ̀, àwọ̀n tí a dẹ nínú Sáàmù 9 mú ẹsẹ̀ ẹni tí ó dẹ ẹ́, ìwé Òwe orí 26 sì sọ ohun kan náà nípa òkúta tí ń yí padà lu ẹni tí ó yí i.

Yorùbá kì yóò ṣe àníyàn láti gba Koch gbọ́, nítorí pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀, ẹni tí ó bá sì gbin ẹ̀bù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Ẹwà ẹ̀kọ́ yìí ni pé ó gba Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé ó ń fi ìbínú ṣeré, ó sì fi ẹrù ìparun lé ẹni tí ó dì í lórí. Ṣùgbọ́n àwọn alátakò rẹ̀ tọ́ka sí i pé nínú Sáàmù 7 kan náà, ṣáájú ọ̀rọ̀ kòtò, Ọlọ́run ń pọ́n idà, ó sì ń fa ọrun bí adájọ́ tí ó bínú. Bí eérú bá ń tọ ẹni tí ó dà á láìṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni rán an, kí ni a ń bẹ Ọlọ́run sí? Ẹni tí ń ké ní òru kì í ké sí òfin ayé. Ẹnìkan ni ó ń ké sí.

Àwọn orin tí ń béèrè ẹ̀san

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Sáàmù 35, 58, 69, 83, 109 àti 137 kò dúró lórí sísọ pé ènìyàn búburú yóò parun. Wọ́n ń béèrè rẹ̀, wọ́n sì ń ka ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí ó gbà parun. Nínú ọ̀kan, a ní kí eyín ọ̀tá fọ́ ní ẹnu rẹ̀. Nínú òmíràn, a ní kí orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn alààyè. Sáàmù 109 kò fi ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ìparí 137 sì kan àwọn ọmọ ọwọ́ Bábílónì, lọ́nà tí ẹni tí ó bá ní ọmọ lọ́wọ́ kò fi lè kà á láìmi orí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí ó pẹ́ jù ni ti Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ìhà àríwá, tí ó ní àsọtẹ́lẹ̀ ni, pé akéwì kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ó ní àtìlẹ́yìn nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí Pétérù ti mú ọ̀rọ̀ láti inú Sáàmù 109 fún ọ̀ràn Júdásì. Ọ̀nà yìí pa ọlá akéwì mọ́, ṣùgbọ́n ó fi agbára yí àdúrà padà sí ìròyìn, ẹni tí ó bá sì ti gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Àwọn mìíràn ní ẹnu ọ̀tá ni èpè inú Sáàmù 109 ti jáde, pé akéwì ń ròyìn ohun tí wọ́n fi ré e ni. Wọ́n rí ẹ̀rí gidi: ọ̀tá jẹ́ ọ̀pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, lójijì ó di ẹnìkan ṣoṣo ní agbede-méjì, ó sì tún di ọ̀pọ̀. Àbá yìí gbọ́n, ó sì ń fi ọkàn ẹni balẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó mú wa ṣọ́ra fún un, nítorí pé nígbà tí èpè náà parí, akéwì bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ èrè àwọn tí ń fẹ̀sùn kan òun. Àti pé bí a tilẹ̀ gbà á fún 109, kò sí bí a ó ti ṣe é fún 58 tàbí 69.

Ẹgbẹ́ kẹta fẹ́ kí a gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. C. S. Lewis, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Belfast, kọ̀wé ní 1958 pé ìkórìíra tí ń bẹ nínú wọn burú, kí a má sì bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́ láti inú rẹ̀ ohun tí ìwà ìkà wa ń sọ ẹni tí a ṣe é sí dà. Ìjọ Kátólíìkì ti Róòmù ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìwé àdúrà ojoojúmọ́ tí a tún ṣe lẹ́yìn Ìpàdé Vatican kejì, tí Póòpù Paulu kẹfà fọwọ́ sí ní 1970, a yọ Sáàmù 58, 83 àti 109 kúrò pátápátá, a sì gé àwọn ẹsẹ kan nínú àwọn mìíràn. Ohun tí a lè sọ fún wọn ni pé Jésù kọ́ wa láti súre fún ẹni tí ń fi wá ré. Ohun tí a lè sọ lòdì sí wọn ni pé ẹni tí inú rẹ̀ tutù, tí ilé rẹ̀ ń jó láìsí ẹni tí ó sun ún, ni ó rọrùn fún jù láti gé ìwé ẹni tí ilé rẹ̀ jóná.

Dietrich Bonhoeffer wàásù lórí Sáàmù 58 ní oṣù keje ọdún 1937, nígbà tí ìjọba Hitler ti ń kó àwọn pásítọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ó ní àwa kò lè gba àdúrà yìí fúnra wa, nítorí pé àwa náà jẹ̀bi. Aláìlẹ́ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni ó lè gbà á, Òun sì ni ẹ̀san náà ti bọ́ lé lórí igi àgbélébùú. Ó jinlẹ̀, àti nítorí pé ọwọ́ ìjọba kan náà ni ó pa á ní 1945, a kò lè pè é ní ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ ìyà. Síbẹ̀, Kristẹni nìkan ni ó lè gbà á, Júù tí ó ni orin náà ṣáájú kò lè gbà á.

Erich Zenger, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ni mo rò pé ó súnmọ́ ọkàn ọ̀rọ̀ náà jù, nínú ìwé tí ó kọ ní 1994. Ẹ̀bẹ̀ ẹni tí kò ní agbára ni, ó wí. Ẹni tí ó lè gbẹ̀san kì í kọ orin. Akéwì gba idà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kò sì sí orin kan nínú wọn tí ó ṣèlérí pé òun fúnra òun yóò pa ẹnìkan. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Àṣìṣe tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ni pé ó gbà láìjiyàn pé aláìní ni ń kọrin ní gbogbo ìgbà. Nínú ìtàn ayé, àwọn alágbára pẹ̀lú ti kọ Sáàmù wọ̀nyí lójú ogun, pẹ̀lú idà lọ́wọ́ ara wọn.

Ọ̀nà Aládùúrà, àti odò Antoa

Àwọn tí ń wo ìjọ Aládùúrà pẹ̀lú ẹ̀gàn nítorí pé wọ́n ń yan Sáàmù fún ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, ti omi, ti òróró, ti àbẹ́là àti ti òru, gbàgbé pé Athanasius ti Alẹkisáńdíríà ti kọ lẹ́tà sí Marcellinus ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, nínú èyí tí ó ti ka Sáàmù tí ó yẹ fún ìṣòro kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn Júù ayé àtijọ́ ní ìwé kan tí a ń pè ní Shimmush Tehillim tí ó ṣe bákan náà. Láti ọdún 1925 tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n ti dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, àti 1930 tí Josiah Òṣítẹ̀lú dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè, èyí tí ó tàn dé Gánà ní 1953, ìlò yìí ti di apá kan ìsìn wa. Ọ̀mọ̀wé David Tuesday Adamo ni ó gbé e yẹ̀wò jù. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2001, ó ṣàlàyé pé àwọn ìjọ wọ̀nyí kò fi Bíbélì ṣeré, pé àwọn tí a gba ọfọ̀ àti oògùn àwọn baba wọn lọ́wọ́ wọn ni wọ́n wá inú Bíbélì fún agbára tí yóò dípò rẹ̀, wọ́n sì rí i nínú Orin Dáfídì.

Ó jọ mí lójú pé Adamo borí ẹjọ́ náà ní ti pé ìlò yìí ní ìtumọ̀ àti ìtàn. Ìbéèrè tí kò dáhùn tó ni èyí tí Kùmásì fi síwájú wa lójoojúmọ́: bí Kristẹni bá ka Sáàmù 109 pẹ̀lú orúkọ aládùúgbò rẹ̀, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbé ẹyin lọ sí Antoa? Àwọn Asante kì í fi ọ̀rọ̀ èpè ṣeré, R. S. Rattray kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1929 lórí òfin Asante pé nígbà àtijọ́, ẹni tí ó bá gégùn-ún fún ọba ti jẹ̀bi ikú. Àwọn pásítọ̀ sábà máa ń dáhùn pé ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí a ké sí, pé òrìṣà odò yàtọ̀ sí Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kejì wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu wọn, òun kò sì gbe ìjọ. Ẹni tí wọ́n fi ré ní Antoa ní ọ̀nà àbọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀: yóò jẹ́wọ́, yóò mú àgùntàn, ọtí àti ohun tí wọ́n bá bù fún un wá, wọn yóò sì tú èpè náà kúrò lórí rẹ̀ àti lórí ilé rẹ̀. Sáàmù 109 kò ní ètùtù. Bí ẹni náà bá jẹ́wọ́ ní ọ̀la, orin náà kò sọ ohun tí a ó ṣe.

Àwọn tí ó bi í léèrè pé èé ṣe tí ìkà fi ń gbèrú

Sáàmù 37 jẹ́ orin àgbàlagbà, tí a tò ní ìtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, tí ó fọkàn ẹni balẹ̀ pé oníkà yóò rọ bí koríko, pé a ó wá ipò rẹ̀ tì. Àwọn ará Kumrani, tí a rí ìwé wọn nínú ihò lẹ́bàá Òkun Òkú láti 1947, ka orin yìí sórí àwọn ọ̀tá ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì fi ogójì ọdún dá ìgbà fún ìparun wọn. Ogójì ọdún náà kọjá.

Jóòbù ti dáhùn irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ní orí 21 ìwé rẹ̀, nígbà tí Sófárì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wí ní orí 20 pé ayọ̀ oníkà kì í pẹ́. Ó ní òun rí oníkà tí ó gbó, tí ó tọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jó, tí a sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe òkú olówó ní Kùmásì, pẹ̀lú aṣọ dúdú àti pupa tí ó kún òpópónà, mọ̀ pé posí ẹlẹ́wà kì í béèrè ìwà lọ́wọ́ ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ásáfù nínú Sáàmù 73 fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nítorí ọ̀ràn yìí. Ohun tí ó gbà á ni pé ó wọ ibi mímọ́ Ọlọ́run lọ, ó sì rí ìgbẹ̀yìn wọn. Àwọn kan ní ìran ni ó rí, àwọn kan ní ẹjọ́ àlùfáà ni ó gbọ́. Orin náà kò sọ. Agbára ẹgbẹ́ yìí ni òtítọ́ inú wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n Jóòbù ń béèrè pé ta ni yóò san ogún ọdún náà padà fún ẹni tí ó kú láàrin rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú

Fún Yorùbá, gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé ni a ó kúnlẹ̀ rò lọ́run, E. Bọ́lájí Ìdòwú sì ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 bí a ti ya ọ̀run rere sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀run àpáàdì. Àwọn Asante ní Asamando, ibùgbé àwọn baba ńlá, kì í sì í ṣe gbogbo òkú ni a ń gbà síbẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Rattray kọ nípa òkú tí ń rìn kiri láìrí ibi wọ̀. Ó lè yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé púpọ̀ nínú Orin Dáfídì kò mọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Sáàmù 6, 88 àti 115 rí ipò òkú bí ilẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí a kì í ti í yin Ọlọ́run, ibi tí olódodo àti oníkà jọ ń lọ, Jóòbù 3 sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò.

Mitchell Dahood, àlùfáà Jésúìtì ará Amẹ́ríkà, takò èyí nínú ìwé mẹ́ta tí ó tẹ̀ jáde láàrin 1966 àti 1970. Ó fi èdè Úgárítì, tí a wú ìwé amọ̀ rẹ̀ jáde ní Síríà láti 1929, tún ọ̀pọ̀ ẹsẹ kà, ó sì rí ìyè àìkú àti ìdájọ́ lẹ́yìn ikú níbi púpọ̀ tí ẹlòmíràn kò rí i. Ìmọ̀ rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ó fi agbára mú èdè kan sọ̀rọ̀ fún èkejì. Philip Johnston mú ọ̀nà tí ó tù mí lára jù ní 2002: ó kíyè sí i pé nígbà tí a bá dárúkọ ipò òkú gẹ́gẹ́ bí ìpín ẹnìkan, oníkà ni ó sábà máa ń jẹ́, àti pé olódodo tí ó bá sọ pé òun ń lọ síbẹ̀ ń sọ ọ́ nínú ìpọ́njú, bí ẹni tí ibẹ̀ kò tọ́ sí. Nínú Sáàmù 49 ni ilẹ̀kùn ìyàsọ́tọ̀ náà ti ṣí díẹ̀, níbi tí ikú ti di olùṣọ́-àgùntàn àwọn olówó ìgbéraga, tí akéwì sì ní Ọlọ́run yóò ra òun padà. Sáàmù Sólómọ́nì, tí a kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú ìbí Jésù, tí kò sí nínú Bíbélì wa, ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu: ìparun ẹlẹ́ṣẹ̀ di ti ayérayé, olódodo yóò sì jíǹde.

Ìparun tàbí ìyípadà

Èéfín, ìyàngbò, àlá ẹni tí ó jí: bí a bá fi àwọn àwòrán wọ̀nyí ṣe ìwọ̀n, àwọn tí ó ní oníkà yóò ṣègbé, tí kò ní sí mọ́, ní ẹ̀rí tí ó pọ̀ ju ti àwọn tí ń wá iná àìkú nínú Orin Dáfídì, iná náà, inú ìwé mìíràn ni a ti ń rí i. Ṣùgbọ́n ohùn kan tún wà lábẹ́ àwọn wọ̀nyí tí ó kéré tí kò sì parẹ́. Sáàmù 7 sọ ọ́ pé idà ń bọ̀ bí ẹni náà kò bá yí padà. Sáàmù 83 béèrè ìtìjú fún àwọn ọ̀tá kí wọ́n lè wá orúkọ Ọlọ́run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e tún béèrè ìparun wọn. Àwọn Júù sì sọ ọ́ nínú Tálímúdì nípa Beruria, ìyàwó Rábì Meir, pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń gbàdúrà kí àwọn jàǹdùkú àdúgbò kú, òun ni ó fi ìparí Sáàmù 104 kọ́ ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ó tán. Rábì Meir gbàdúrà bẹ́ẹ̀, àwọn jàǹdùkú náà sì ronú pìwà dà.

Ohun tí a kò tíì yanjú

Kò tíì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá ògo tí Ásáfù ní Ọlọ́run yóò gba òun sí wà ní ìhà ìhín ikú tàbí ìhà ọ̀hún. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní agbede-méjì Sáàmù 109 ṣì wà nínú òkùnkùn, ìran ọmọ tí orin náà fi kún ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì dúró lòdì sí ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 18, tí ó ní ọmọ kì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀. Oṣó ni ọ̀tá náà, tàbí ẹlẹ́rìí èké, tàbí ọba àjèjì: ìjà náà ń lọ.

Fún àwọn ìjọ Kùmásì, ti Asante àti ti Yorùbá, èyí tí ó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n ni pé ìwé Orin Dáfídì fún ẹni tí a ni lára ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé orúkọ oníkà rẹ̀ síwájú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò fi ìlànà kankan sílẹ̀ fún ọjọ́ tí oníkà náà bá kan ilẹ̀kùn ìjọ, tí ó jẹ́wọ́, tí ó sì bẹ̀ pé kí wọ́n tú àdúrà náà kúrò lórí òun àti àwọn ọmọ òun. Ta ni yóò tú u, ẹni tí ó gbà á ni, tàbí àlùfáà? Kí ni wọn yóò kà?